Adìyẹ ń kú lóko aládùúgbò mi: ṣé kí n pe ìjọba, àbí kí n yára ta tèmi?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ láti Kuje rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kuje ní Àbújá ni mo ti ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin, wọ́n tó 1,500. Ìbàdàn ni mo ti ń ra òròmọ wọn, àti pé láti Lọ́kọ́ja títí dé ilé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró la ti ń sanwó. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé fáìlì wá sóko, wọ́n ní mi ò forúkọ sílẹ̀, wọ́n gbowó, wọn ò fún mi ní rìsíìtì. Ní báyìí, adìyẹ ti ń kú lóko aládùúgbò mi. Ẹni tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ wa ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bí ìjọba bá gbọ́, wọ́n á wá pa tèmi náà mọ́ ọn, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀. Ṣé òfin yìí wà fún ìdààmú wa ni? Bí tèmi náà bá bẹ̀rẹ̀, ṣé kí n pè wọ́n, àbí kí n yára tà wọ́n?"

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò lè dúró nínú ìbéèrè yín. Ẹ má ta adìyẹ kankan, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí, kódà bí ẹyọ kan ò bá tíì kú nínú tiyín. Mo mọ̀ pé ó máa ń ta létí láti gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe owó rẹ̀ ló wà nínú kéèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ gan-an, ibi tí ẹ̀rù yín ti tọ̀nà, àti ibi tí ẹni tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ yín ti ń ṣì yín lọ́nà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ dókítà ẹran ní Zaria, ní Kaduna àti ní agbègbè Àbújá níbí. Ìráhùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn olóko náà lẹ kọ yìí, pé ìjọba ń dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní ìjọba sábà máa ń jẹ́ oríṣiríṣi èèyàn tí wọn ò bá ara wọn ṣiṣẹ́ rárá. Dókítà ẹran ìjọba, tí ọ̀rọ̀ àìsàn jẹ́ tirẹ̀, wà lọ́tọ̀. NAFDAC tó ń mójú tó oògùn ẹran wà lọ́tọ̀. Àwọn agbowó Area Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ní Àbújá, wà lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olóko adìyẹ wà lọ́tọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ìjọba. Lẹ́yìn gbogbo wọn la wá rí àwọn tó jẹ́ pé fáìlì lásán ni wọ́n gbé dání. Òfin tó de àìsàn ẹran ní orílẹ̀-èdè yìí ti wà láti 1988. Lára ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ irú yín nìwọ̀nyí: bí ẹ bá fura sí àrùn, ẹ fi tó dókítà ẹran ìjọba tó sún mọ́ yín létí, ẹ má ṣe gbé ẹran tó ń ṣàìsàn kúrò níbi tó wà, bí ẹ bá sì fẹ́ kó ẹran kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ẹ gbàwé. Kò síbi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì láìjáwèé fún yín.

Nítorí náà, àwọn tó wá lóṣù tó kọjá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ tòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá, ẹ ní kí wọ́n fi káàdì hàn yín, ẹ bèèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ti wá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ó wá san án níbẹ̀. Owó tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ń gba orí ètò ìsanwó ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Remita, kọjá, ìwé rẹ̀ á sì jáde. Ẹni tó bá ní òun ò lè dúró de ìyẹn, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Àmọ́ o, ẹ má tìtorí wọn sá fún ìforúkọsílẹ̀. Oko tí dókítà ìjọba ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní nọ́ńbà olówó rẹ̀ lórí fóònù, ni wọ́n ń tètè dé bí wàhálà bá dé. Oko tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n máa ń bá lójijì, nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Ti ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ẹjọ́ yín jàre. Òròmọdìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, pupa ẹyin tó kù nínú ikùn rẹ̀ ló ń gbé e ró, ìyẹn kò sì ju nǹkan bí wákàtí 72 lọ. Gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ bá fi dúró lójú oòrùn, inú ìyẹn ló ń jẹ. Mo ti ṣí páálí irú rẹ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró pẹ́. Àwọn tó wà láàárín ti gun ara wọn lórí, ìyẹ́ wọn ti tutù, àwọn tó wà nígun páálí ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn tó sì kù ń ké pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Àwọn tó dá ọkọ̀ náà dúró ò wo inú páálí kan, wọn ò bèèrè ìwé ìlera tí dókítà fọwọ́ sí. Owó ni wọ́n bèèrè. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ju owó náà lọ ni pé àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe wúlò gan-an. Àrùn ń tẹ̀lé ọkọ̀ rìn. Bí ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní bá ń san owó kan náà, kò sẹ́ni tí yóò tún wá ìwé mọ́, ọkọ̀ adìyẹ aláìsàn á sì máa kọjá lọ fàlàlà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣì gbàwé. Ẹ ní kí ibi tí ẹ ti ń ra òròmọ bá yín ṣètò rẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń ní dókítà tiwọn, kí ẹ sì fi mọ́ ìwé tí ẹ fi rà á, èyí tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún wọn sí. Kí ọkọ̀ máa bọ̀ ní ìgbà tí oòrùn ò mú. Mi ò ní tàn yín pé ìwé yẹn á dá owó ẹ̀gúnjẹ dúró. Ohun tó ṣe ni pé kò ní sí ẹni tó lè fi òfin gidi dẹ́rù bà yín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé oko aládùúgbò yín. Pé adìyẹ ń kú kò túmọ̀ sí pé bird flu ni, ìyẹn àrùn ẹyẹ tí ìjọba ń torí rẹ̀ pa adìyẹ. Lúkúlúkú, èyí tí ìwé ń pè ní Newcastle, lè gbá ilé adìyẹ kan mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí wọn ò bá gba Lasota, àjẹsára rẹ̀, déédéé, tàbí bí wọ́n bá gbà á nígbà tí agbára rẹ̀ ti lọ. Mo ti rí ìgò Lasota nínú ọ̀rá lásán, yìnyín rẹ̀ ti di omi, tí wọ́n fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà láti Gwagwalada dé Kuje, tí olóko sì ń sọ fún mi pé òun fún wọn ní àjẹsára, adìyẹ òun ṣì kú. Oúnjẹ tí àgbàdo rẹ̀ ti bu máa ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ooru oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ní agbègbè yín, lábẹ́ páànù tí kò ga, tó láti pa ọ̀pọ̀ adìyẹ lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Ní tòótọ́, bird flu ní àmì tirẹ̀: ikú òjijì, orí àti ojú tó wú, ogbe tó di aláwọ̀ aró, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ sábẹ́ awọ ẹsẹ̀, ẹyin tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n lúkúlúkú tó bá le náà ń ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Kò sí ojú dókítà tó mú tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí àyẹ̀wò. Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù bird flu lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pàdánù oko rẹ̀ sọ́wọ́ àìsàn tí àjẹsára ì bá ti dáàbò bo àwọn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá pè wọ́n, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyí. Dókítà ẹran ìjọba á wá, á bèèrè ìgbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ àti iye tó kú, á fi òwú gba nǹkan ní ọ̀fun àti ní ìdí àwọn tó ń ṣàìsàn, tàbí kó gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú yìnyín. Ó lè lọ sí yàrá àyẹ̀wò ti Vom, lẹ́bàá Jos, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti wà láti 1924. Títí èsì yóò fi dé, wọ́n á ní kí ẹ má gbé adìyẹ, ẹyin tàbí ìgbẹ́ wọn jáde. Àkókò yìí ló máa ń ro olóko lára jù, nítorí ẹyin ń pọ̀ sí i, oúnjẹ ń tán, owó ò wọlé. Bí èsì bá ní kì í ṣe bird flu, wọ́n á tú yín sílẹ̀, ẹ ó sì ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Bí ó bá jẹ́ òun ni, wọ́n á pa gbogbo èyí tó wà lóko náà, wọ́n á rì wọ́n, wọ́n á fọ ilé wọn, ẹ ó sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó kó tuntun wọlé. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá àwọn ò lè kàn ra abẹ́rẹ́ bird flu kí wọ́n gún un níkọ̀kọ̀. Ẹ má dán an wò. Láti 2006, pípa ni ìlànà tí ìjọba ń tẹ̀ lé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kó gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adìyẹ tó gbà á lè má kú ṣùgbọ́n kó máa tú kòkòrò náà dà sóko láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù yín ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Oṣù kejì 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí bird flu yìí ní Áfíríkà, oko kan ní Jájì, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kéde nígbà náà pé àwọn á san ₦250 lórí adìyẹ kan, Báńkì Àgbáyé sì gbé owó sílẹ̀ láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kò tó iye tí olóko ná lórí adìyẹ tó ti ń yé, ṣùgbọ́n owó náà jẹ́ kí àwọn èèyàn jáde wá sọ̀rọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olóko ò mọ̀: adìyẹ tí ìjọba bá pa ni wọ́n ń sanwó lé, kì í ṣe èyí tó ti kú. Ẹni tó tètè pè wọ́n nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta kú ní nǹkan tí wọ́n lè kà. Ẹni tó dúró títí adìyẹ fi kú tán, òfìfo kéèjì ló fẹ́ fi hàn wọ́n. Nígbà tí àrùn náà padà dé ní 2015, àti ní 2021, ọ̀pọ̀ olóko ló pariwo pé àwọn ò rí owó gbà tàbí pé ó pẹ́ kó tó dé. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé ẹ máa rí i gbà. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń tàn yín jẹ.

Ẹ ó wá sọ pé, bí kò bá sí ìdánilójú owó, kí ló dé tí mi ò fi ní ta tèmi? Ẹ wo ibi tí wọ́n ń lọ. Adìyẹ tí ẹ bá yára tà láàárọ̀ á wà nínú àgò ní ọjà kó tó di ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tolótoló àti pẹ́pẹ́yẹ láti oko mẹ́wàá mìíràn. Àgò yẹn kan náà ni alágbàtà á gbé padà sí oko tó kàn láti lọ kó òmíràn. Ẹni tó pa á láti sè, tó tú ìyẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn. Oṣù kìíní 2007 ni ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà pé bird flu pa. Ní tòsí yín gan-an, ní oṣù keje 2023, anthrax, àrùn ẹran tó lè ran èèyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní oko kan ní Suleja tí wọ́n ti ń sin màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ẹran ń kú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde láti imú àti ìdí wọn. Kòkòrò anthrax lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí wọ́n bá la irú ẹran bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ta ẹran bẹ́ẹ̀ fún alápatà kí owó má baà ṣòfò, kì í ṣe òun nìkan ló máa jìyà rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ tọkàn mi níhìn-ín, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń bá olóko wí bí ẹni pé ìwà burúkú ló ń mú wọn dákẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olóko ń dákẹ́ nítorí pé òun nìkan ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí. Àrùn màlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní rinderpest. Ó pa màlúù rẹpẹtẹ ní àríwá níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lónìí, kò sí i mọ́ ní gbogbo ayé. 1987 la rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti pòórá pátápátá. Wọn ò fi owó ìtanràn lé e lọ. Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ló gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tọ àwọn darandaran lọ níbi tí màlúù wọn wà. Darandaran tó rí i pé wọ́n wá gún màlúù òun, tí màlúù náà sì yè, kò fi èyí tó ń ṣàìsàn pamọ́ fún wọn mọ́. Láti oṣù keje 2024 la ti ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ya owó gbà-má-bínú sọ́tọ̀ kí àrùn tó dé, kí ó sì tó olóko lọ́wọ́ kí ilé adìyẹ rẹ̀ tó gbẹ. Ìwé àṣẹ àti àyẹ̀wò ojú ọ̀nà á wúlò lẹ́yìn ìyẹn.

Títí ìyẹn yóò fi dé, ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni kéréètì. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: nínú ohun tí mo ti rí ní agbègbè yìí, kéréètì ẹyin ń gbé àrùn ju ohun tí ọ̀pọ̀ olóko rò lọ. Ẹ yẹ èyí tí oníbàárà yín gbé wá wò dáadáa, ẹ ó rí ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ isàlẹ̀ rẹ̀ àti ìyẹ́ tí kì í ṣe ti adìyẹ yín. Oko aládùúgbò yín ló lè ti wá láàárọ̀ yẹn. Ẹ ra oníke tiyín, tí ẹ lè fọ̀ kí ẹ sì fi oògùn apakòkòrò ṣan, kí ẹ máa kó ẹyin fún un lẹ́nu géètì, kó má wọlé. Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lóko, kó má lọ bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko kejì lálejò ní àkókò yìí, kó sì ní bàtà tí kì í wọ̀ jáde. Ẹ máa kọ iye tó kú, iye ẹyin àti abẹ́rẹ́ tí ẹ gún sínú ìwé kan lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú tàbí ti ìbánigbófò bá dé, ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò àgbẹ̀ ti ìjọba, NAIC, ń gba adìyẹ wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: bí ìjọba bá ní kí wọ́n pa adìyẹ mi nítorí àrùn, ṣé ẹ ó san? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ní ti aládùúgbò yín, àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ má lọ sóko rẹ̀ o, orí fóònù ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ pe dókítà, ẹ ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ó bá gbà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ pè é, kí ẹ pín owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò bí ó bá yọjú. Bí kò bá gbà, ẹ pè é fúnra yín. Ọ́fíìsì dókítà ẹran wà ní Area Council Kuje, iléèwòsàn ẹran ti Yunifásítì Àbújá sì wà ní agbègbè Gwagwalada bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe agbowó. Bí adìyẹ kan bá kú nínú tiyín kí wọ́n tó dé, ẹ má là á, ẹ má sì fún ajá. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ àti ìbòjú bo imú, ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, kí ẹ má sì lo kúlà yẹn fún oúnjẹ mọ́.